Ìpè Tí Kò Dé Etíkun

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́: ọkọ̀ alábùkù, àtúnṣe tí ń pẹ́, àti ohun tí ó yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe

   Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí ohun tí ó ń jẹ owó ẹgbẹ́ láìpariwo, tí ó sì lè gba ẹ̀mí pẹ̀lú. Kí akọ̀wé kà á sókè ní ìpàdé, kí a sì dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìparí rẹ̀.

1. Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa yóò rí ara wọn nínú rẹ̀.

Ìyá kan ń ra ẹja yíyan àti edé ní àwọn abúlé etíkun, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá sí Igbókòdá. Láti ibẹ̀, ó ń háyà mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa àti Ọ̀rẹ̀. Owó háyà ń jẹ èrè rẹ̀. Ó wá sí ẹgbẹ́, ó yá owó, onídùúró méjì fọwọ́ sí i, ó sì ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan ní Èkó. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń wà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà dé, iná pupa kan ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì kú. Wọ́n pe rìwáyà. Rìwáyà wò ó, ó ní, “Ìyá, iná yìí kò ṣe nǹkan kan, yóò kàn máa yọ yín lẹ́nu ni.” Ó yọ gílóòbù rẹ̀, ó gba owó iṣẹ́, ó lọ. Iná kú, ọkàn gbogbo wọn sì balẹ̀.

Ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, owó ẹgbẹ́ sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì wà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Èkíní: kí ni iná náà fẹ́ sọ? Èkejì: ǹjẹ́ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà ti pè é padà fún àtúnṣe kí ó tó la òkun kọjá wá sí ọ̀dọ̀ wa? Ìbéèrè kejì yìí ni ẹ̀kọ́ wa.

2. Gbígbó yàtọ̀ sí àbùkù

Ohun tí a ń lò yóò gbó. Bíréèkì yóò jẹ tán, táyà yóò fá, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etíkun wa yóò sì mú kí irin dógùn-ún kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Gbígbó ni ìwọ̀nyí. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni yóò tún wọn ṣe.

Àbùkù àtilẹ̀wá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti wà nínú ọkọ̀ láti ọjọ́ tí ó ti jáde ní ilé iṣẹ́, yálà nítorí pé wọ́n yà á ní àyàjù, tàbí pé wọ́n fi èròjà tí kò dára ṣe é, tàbí pé wọ́n tò ó láìdì í dáadáa. Bí a ti lè mọ̀ ọ́n ni pé kì í ṣe ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe. Bí ọkọ̀ kan bá ṣe é, a lè dá awakọ̀ lẹ́bi. Bí ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ tí ó jáde ní ilé iṣẹ́ kan náà ní ọdún kan náà bá ṣe é, ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ ni kí a bi.

Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í sábà bi ẹni tí ó ṣe ọkọ̀. Awakọ̀ ni a ń bá wí. Mẹkáníìkì ni a ń bá jà. Nígbà mìíràn, a tilẹ̀ ń sọ pé ọwọ́ ayé ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ pé lẹ́tà ti wà ní ìlú òyìnbó láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tí ó sọ nǹkan tí ó ń ṣe ọkọ̀ náà gan-an, tí ó sì sọ pé ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe rẹ̀.

3. Kí ni pípe ọkọ̀ padà?

Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1965, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Ralph Nader kọ ìwé kan tí ó fi hàn pé àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ mọ̀ nípa ewu tí ó wà nínú ọkọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ náwó lé e. Ìwé náà dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ káàkiri. Ní ọdún 1966, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ààbò ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti di dandan pé bí ilé iṣẹ́ bá rí àbùkù tí ó léwu nínú ọkọ̀ tí ó ti tà, ó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tí ó rà á. Lẹ́yìn náà ni òfin tún fi kún un pé ọ̀fẹ́ ni ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ohun tí à ń pè ní pípe ọkọ̀ padà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọkọ̀ tí wọn yóò pè? Nọ́ḿbà ṣáṣíì ni. Láti ọdún 1981 ni gbogbo ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ti ń ní nọ́ḿbà ṣáṣíì tí ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ḿbà 17. Kò sí ọkọ̀ méjì tí ó ní ọ̀kan náà. Bí ó bá fi 1, 4 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà; bí ó bá fi 2 bẹ̀rẹ̀, Kánádà ni; bí ó bá fi J bẹ̀rẹ̀, Japan ni; bí ó bá fi W bẹ̀rẹ̀, Jámánì ni. Wọn kì í lo lẹ́tà I, O àti Q nínú rẹ̀, kí ènìyàn má baà ṣì wọ́n mú fún 1 àti 0. Ẹ ó rí i ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú ní apá ọ̀tún tàbí apá òsì tí awakọ̀ ń jókòó sí, ẹ ó sì tún rí i ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Nọ́ḿbà yìí ni orúkọ ọkọ̀. Ẹni tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ kò lè gbọ́ bí wọ́n bá ń pè é.

4. Ọ̀rọ̀ àpò afẹ́fẹ́ Takata

Pípe ọkọ̀ padà tí ó tóbi jùlọ nínú ìtàn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Àpò afẹ́fẹ́ ni ohun tí a ká pamọ́ sínú sítíárìn àti sínú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tí yóò wú lójijì bí ọkọ̀ bá kọ lu nǹkan, kí orí àti àyà ènìyàn má baà gbá irin. Oògùn kan ni ó ń gbiná nínú agolo irin kékeré láti fẹ́ àpò náà. Ilé iṣẹ́ Takata ti ilẹ̀ Japan ṣe irú àpò yìí fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀: Honda, Toyota, Nissan, Mazda, BMW, Ford àti àwọn mìíràn. Oògùn tí wọ́n lò ni ammonium nitrate. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń bá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò yí padà. Nígbà tí ó bá gbiná, yóò jó yára ju bí ó ti yẹ lọ, agolo irin yóò fọ́, àfọ́kù rẹ̀ yóò sì fò jáde bí ọta ìbọn sí ọrùn àti ojú ẹni tí ó jókòó níwájú. Ohun tí a ṣe láti gba ẹ̀mí là wá di ohun tí ń pa ènìyàn.

Ní ọdún 2008 ni Honda kọ́kọ́ pe nǹkan bí 4,000 ọkọ̀ padà nítorí rẹ̀. Àwọn tí ó gbọ́ rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Lọ́dọọdún ni iye náà ń ga sí i. Ní Amẹ́ríkà nìkan, ó dé nǹkan bí àpò mílíọ̀nù 67. Ó lé ní ènìyàn 25 tí ó ti kú níbẹ̀. Ènìyàn kú ní Malaysia pẹ̀lú, orílẹ̀-èdè tí ooru àti ọ̀rinrin rẹ̀ dà bíi tiwa. Ní ọdún 2017, Takata gbà ní ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà pé òun jẹ̀bi ìwà ẹ̀tàn, nítorí pé òun yí èsì ìdánwò padà. Ìtanràn àti owó gbà-máà-bínú tí wọ́n bù lé e jẹ́ bílíọ̀nù dọ́là kan. Kí ọdún náà tó dé ìdajì ni ilé iṣẹ́ náà kéde pé òun ti wọ gbèsè.

Ẹ fi ọkàn sí èyí. Ní ọdún 2016, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa àwọn ọkọ̀ Honda àti Acura kan tí wọ́n ṣe láàárín 2001 sí 2003: Civic àti Accord ti 2001 sí 2002, CR-V àti Odyssey ti 2002, Pilot ti 2003, àti àwọn Acura kan. Ìdánwò fi hàn pé nínú àpò méjì tí ó bá wú, ọ̀kan lè fọ́. Wọ́n ní kí àwọn tí ó ni wọ́n má wà wọ́n mọ́ àfi láti gbé wọn lọ fún àtúnṣe. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹ̀yà tuntun, àwọn ìpínlẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin ti pọ̀, bíi Florida tí ó wà létí òkun, ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Ẹ̀yin ará etíkun Ìlàjẹ, láti Àràròmí dé Ayétòrò títí dé Awóyè, ta ni ó ní ooru àti ọ̀rinrin jù wá lọ? Ta ni kò sì mọ irú Honda wọ̀nyẹn lójú ọ̀nà Igbókòdá?

5. Kí ló dé tí àtúnṣe fi ń pẹ́?

Ìdí mẹ́ta ni.

Ìdí kìíní ni pé ilé iṣẹ́ máa ń pa á mọ́. Ẹ wo ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà. Ibi tí a ń ti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọn kan rọ̀ jù. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wúwo tàbí bí ọkọ̀ bá jó sínú kòtò, kọ́kọ́rọ́ lè yí padà fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yóò kú lójú eré, àpò afẹ́fẹ́ kò sì ní wú. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ti ń rí i fún bí ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó pe ọkọ̀ padà ní ọdún 2014. Mílíọ̀nù 2.6 ni ọkọ̀ náà. Ènìyàn 124 ni ilé iṣẹ́ náà sanwó ikú wọn fún àwọn ẹbí. Ẹ̀yà tí ó fa gbogbo èyí kò tó dọ́là kan.

Ìdí kejì ni pé ẹ̀yà kì í tó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Takata di ńlá, kò sí ilé iṣẹ́ tí ó lè ṣe mílíọ̀nù mẹ́wàá-mẹ́wàá àpò tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ó gba lẹ́tà gbé ọkọ̀ wọn lọ, wọ́n ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn ọdún kan. Àwọn kan ń wa ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Àwọn kan pa á tì, wọ́n sì ń san gbèsè orí rẹ̀ lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ń gbé ní ẹnu ọ̀nà wọn, kí ni a ó retí fún ẹni tí ń gbé ní etí omi?

Ìdí kẹta ni ó kàn wá jùlọ: lẹ́tà kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kọ̀wé sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni náà ti tà á. Ẹni tí ó rà á ti tún un tà. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ òkun. Láàárín ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni ó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ mìíràn, gẹ́gẹ́ bí àjọ àgbáyé tí ń rí sí àyíká ti kéde ní ọdún 2020. Áfríkà ni ó gba ìpín tí ó pọ̀ jùlọ. Ọkọ̀ la òkun kọjá, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò bá a wá. Tòkunbọ̀ dé, ìpè rẹ̀ ṣẹ́kù sí òkèèrè. Ọkọ̀ tí a pè padà kò sì bọ́ lọ́wọ́ àbùkù rẹ̀ nítorí pé ó ti yí ilẹ̀ padà.

6. Iná pupa àti nọ́ḿbà

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ìyá wa. Iná tí rìwáyà yọ yẹn ni iná àpò afẹ́fẹ́. Bí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́, ó yẹ kí ó tàn, kí ó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá kú, nǹkan kan bàjẹ́ nínú wáyà tàbí nínú àpò. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti lè yọ gílóòbù rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ti ní ìjàm̀bá rí, kí àpò rẹ̀ sì ti wú tán, kí wọ́n kàn lẹ ìdérí rẹ̀ padà. Ẹni tí ó yọ iná dà bí ẹni tí ó ti ajá mọ́lé nígbà tí ajá ń gbó olè.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣi ara wa lọ́nà. Iná ń sọ ti wáyà. Kò lè sọ ti oògùn tí ó ti yí padà nínú agolo irin. Ọkọ̀ tí iná rẹ̀ ń ṣe dáadáa lè ní àpò Takata tí ó léwu. Bí a bá fẹ́ mọ èyí, nọ́ḿbà ṣáṣíì nìkan ni ó lè sọ ọ́. Nítorí náà, ohun méjèèjì ni kí a wò. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

7. Ohun tí òfin wa sọ

Nàìjíríà ní òfin. Ní ọdún 1992, ìjọba ṣe òfin tí ó dá àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà sílẹ̀. Òfin tuntun ti 2018, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, rọ́pò rẹ̀, ó sì gbé àjọ tí ń jẹ́ FCCPC kalẹ̀. Lábẹ́ òfin yìí, oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí kò léwu, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á. Ẹni tí ó tajà gbọ́dọ̀ fún un ní àkọsílẹ̀ rírà. Bí ẹni tí ó ṣe ọjà, ẹni tí ó kó o wọ̀lú, tàbí ẹni tí ń pín in, bá mọ̀ pé ewu wà nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kéde fún aráàlú, kí ó sì kó o kúrò lọ́jà.

Ẹ kíyè sí i pé òfin dárúkọ ẹni tí ó kó ọjà wọ̀lú. Kì í ṣe ẹni tí ó wà ní Japan tàbí Amẹ́ríkà nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Ṣùgbọ́n òfin kò lè ran ẹni tí kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí kò gba rìsíìtì, tí kò mọ orúkọ ẹni tí ó tà á, ẹjọ́ wo ni yóò rò, ta ni yóò sì pè lẹ́jọ́?

8. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

(a) Kí a tó rà á. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ nọ́ḿbà ṣáṣíì sílẹ̀ ní ibi tí ó ti rí ọkọ̀, kí ó fi èyí tí ó wà lábẹ́ gíláàsì wé èyí tí ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn àti èyí tí ó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí wọn kò bá bára mu, kí ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, kí ó ní kí ọmọ rẹ̀ tàbí akọ̀wé fi fóònù tẹ nọ́ḿbà náà sí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ti NHTSA, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ààbò ọkọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Yóò sọ bóyá ìpè kan wà tí wọn kò tíì dáhùn. Fún ọkọ̀ tí ó ti ibòmíràn wá, kí ó béèrè lọ́wọ́ aṣojú ilé iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà. Ẹ ṣe èyí kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

(b) Bí a bá ti rà á tán. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kan náà lónìí. Bí ìpè bá wà, ẹ kọ̀wé sí aṣojú ilé iṣẹ́ náà. Òfin Amẹ́ríkà lè fi ipá mú ilé iṣẹ́ níbẹ̀ láti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò dé ìhín. Síbẹ̀, ẹni tí kò béèrè kò ní rí nǹkan kan gbà. Bí aṣojú kò bá dáhùn, ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ bá àjọ FCCPC.

(d) Kí àtúnṣe tó dé. Kí awakọ̀ sún ìjókòó sẹ́yìn, kí àyà rẹ̀ jìnnà sí sítíárìn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Kí gbogbo ènìyàn di bẹ́líìtì ìjókòó. Bí ó bá jẹ́ àpò iwájú ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni ó ní àbùkù, kí èrò jókòó sẹ́yìn. Kí ọmọdé má jókòó síwájú rárá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí mẹkáníìkì tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tú àpò náà, nítorí ó lè gbiná mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ má sì ra àpò tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn: ó lè jẹ́ Takata kan náà. Bí ọkọ̀ yín bá wà nínú àwọn Honda àti Acura 2001 sí 2003 tí a dárúkọ lókè, tí ìpè rẹ̀ sì wà nílẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ títí yóò fi rí àtúnṣe. Owó háyà dùn ún san ju owó ìsìnkú lọ.

(e) Irú lẹ́tà tí a ó kọ. Kí ó ṣe kúkúrú, kí ó má sì ní èébú nínú:

“Sí Ọ̀gá Àgbà. Èmi ni mo ni ọkọ̀ tí nọ́ḿbà ṣáṣíì rẹ̀ jẹ́ (ẹ kọ gbogbo 17). Mo rà á ní (ọjọ́) lọ́wọ́ (orúkọ). Ẹ̀dà rìsíìtì wà nínú lẹ́tà yìí. Mo rí i pé ilé iṣẹ́ yín ti pe irú ọkọ̀ yìí padà nítorí (àbùkù). A kò tíì tún un ṣe. Mo fẹ́ mọ ọjọ́ tí ẹ ó tún un ṣe àti ibi tí mo máa gbé e wá. Mo ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 21.”

Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi í ránṣẹ́, kí ẹni tí ó gbà á sì fọwọ́ sí i.

9. Àwọn tí ń lo ọkọ̀ ojú omi ńkọ́?

Ẹnì kan lè sọ pé, “Èmi kò ní mọ́tò, ẹ́ńjìnnì ni ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi.” Ọ̀rọ̀ náà kan ìwọ pẹ̀lú. Láti ọdún 1971 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ ojú omi tàbí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéde àbùkù tí ó léwu. Nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì máa ń wà lára irin tí a fi ń dè é mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Omi iyọ̀ lè jẹ ẹ́, nítorí náà kí a kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì ṣeé kà. Bí mọ́tò bá kú lójú ọ̀nà, a ó sọ̀kalẹ̀ tì í. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú òkun nígbà ìjì, ta ni yóò sọ̀kalẹ̀?

10. Ìdí tí ó fi jẹ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́

Ẹ rántí bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1844, ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn 28 dá owó jọ, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré. Ní ìgbà náà, àwọn oníṣòwò kan ń po ẹfun mọ́ ìyẹ̀fun, wọ́n sì ń rẹ́ òṣùwọ̀n jẹ. Àwọn ènìyàn Rochdale pinnu pé ọjà tí kò ní àbùlà àti òṣùwọ̀n tí ó pé ni àwọn yóò máa tà. Ìjà lórí ọjà alábùkù wà lára ohun tí ó bí ẹgbẹ́ wa. Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa.

Ẹ sì wo Australia. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń fi ẹsẹ̀ falẹ̀ lórí Takata. Ní ọdún 2018, ìjọba sọ ọ́ di dandan, ó sì fún wọn ní gbèdéke: ìparí ọdún 2020. Wọ́n ní kí wọ́n wá ẹni tí ó ni ọkọ̀ rí, kì í ṣe kí wọ́n kàn fi lẹ́tà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ kàn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni wọ́n yanjú. Ohun tí ó pẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yára nígbà tí wọ́n fi ohùn kan béèrè rẹ̀.

Lẹ́tà ẹnì kan láti Igbókòdá lè sùn sínú dúrọ́ọ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá kó nọ́ḿbà ọkọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, tí a sì fi gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ àpapọ̀ ẹgbẹ́, èyí ṣòro láti fi sábẹ́ ìjókòó. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ó kan ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ tí a fi owó ẹgbẹ́ rà bá wà ní gáréèjì fún oṣù mẹ́fà, gbèsè kò ní dúró dè é. Ọmọ ẹgbẹ́ kò ní rí owó san, àwọn onídùúró ni a ó máa lé. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, ta ni a ó bi? Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó fún ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ní ààyè mẹ́ta: nọ́ḿbà ṣáṣíì tàbí ti ẹ́ńjìnnì, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó tà á, àti èsì àyẹ̀wò ìpè. Bí ààyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá kún, kí akápò má ṣe kówó jáde. Èyí kì í ṣe láti fi ìyà jẹ ọmọ ẹgbẹ́, bí kò ṣe láti dáàbò bo òun, ọmọ rẹ̀ tí ń wa ọkọ̀, àti èrò tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní ti ìyá wa, ohun tí ó kù fún un kò pọ̀. Kí ó ní kí rìwáyà dá gílóòbù náà padà. Kí ọmọ rẹ̀ nu gíláàsì iwájú, kí ó kọ nọ́ḿbà 17 yẹn sínú ìwé, kí ó sì mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Ìpè náà ti pẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí àwa fúnra wa lọ pàdé rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín gbígbó àti àbùkù àtilẹ̀wá? Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan láti ara ọkọ̀ tí ẹ mọ̀.
2. Kí ló dé tí ooru àti ọ̀rinrin etíkun fi mú ọ̀rọ̀ àpò Takata le sí i fún wa?
3. Kí ni iná àpò afẹ́fẹ́ lè sọ, kí sì ni kò lè sọ?
4. Ọmọ ẹgbẹ́ mélòó ni ó mọ nọ́ḿbà ṣáṣíì ọkọ̀ rẹ̀ tàbí nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀? Kí akọ̀wé ṣí ojú ìwé kan fún wọn lónìí.
5. Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ wa yóò fi ààyè mẹ́ta náà kún fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó? Ẹ dìbò lé e, kí ẹ sì kọ ìpinnu yín sínú ìwé ìpàdé.

Ẹgbẹ́ á gbè wá o.